Iṣẹ́ abẹ fún ọmọ tó sanra kọjá bó ṣe yẹ: ìbéèrè táwọn òbí ń bi mí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, apá Rẹ́mọ níbí, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni mo wà. Ọ̀rọ̀ yìí ò tán lẹ́nu àwọn òbí, àwọn míì á dúró títí kílíníìkì á fi tú ká kí wọ́n tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bi mí, torí ojú ń tì wọ́n. Mo wá kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Mi ò kì í ṣe dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wá kọ́sítọ́mà o. Ohun tí mo rí ni pé àwọn ọmọ kan wà tí iṣẹ́ abẹ yìí tọ́ sí tí kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ létí wọn rí, títí àtọ̀gbẹ á fi wọlé sí wọn lára. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún wọn, kó mọ̀ pé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ló rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀, àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e niṣẹ́ wà.

Ọmọ tèmi náà sanra. Ṣé gbogbo ọmọ tó bá ti rọ̀bọ̀tọ̀ lẹ fẹ́ máa gbé lọ sí tíátà ni?

Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè ní orobo ní sùkúù, ọ̀rọ̀ tiwọn ò dé ibí rárá. BMI ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò: ẹ gbé kílò ọmọ, ẹ fi gíga ẹ̀ ní mítà pín in, kẹ́ ẹ tún fi gíga yẹn kan náà pín èyí tó kù. Ọmọ tó bá jẹ́ kílò 110 tó ga ní mítà 1.65, BMI ẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 40. Ti ọmọdé yàtọ̀ sí tàgbà ṣá, torí ara wọn ṣì ń dàgbà, nítorí náà àtẹ kan wà tí dókítà máa ń wò, tó ní ìlà kan tí wọ́n fà síbi tí ọmọ 95 nínú 100 ò kọjá. Fún ọmọbìnrin ọdún 15, ìlà yẹn wà níbi bíi 28.

Ọmọ tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ ti fi ìlà yẹn sílẹ̀ sẹ́yìn dáadáa. BMI 35, tàbí ìlà yẹn pẹ̀lú ìdá 20 nínú 100 lé lórí, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì, tí àìsàn tí ìsanra fà sì ti wà lára ẹ̀. Tó bá ti dé 40, tàbí ìlà yẹn pẹ̀lú ìdá 40 lé lórí, wọ́n lè yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀ wò bí àìsàn kankan ò tíì yọjú. Ẹ ẹ̀ ní láti há a sórí, dókítà á ṣírò ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó.

Àìsàn wo ló wà lára ọmọ ọdún 14? Ṣebí ọmọdé ni.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ìyá kan mú ọmọ ẹ̀ obìnrin wá torí ibà, bí ọmọ náà ṣe sọ kọ́là yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ kalẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ dúdú kirikiri, awọ ibẹ̀ nípọn bí aṣọ àrán, ó sì ti bó láwọn ibì kan. Mo bi ìyá pé kí ló bó o. Ó ní ìdọ̀tí ni, pé ọmọ yìí ò mọ ara wẹ̀, àràárọ̀ lòun ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú ha á, kò lọ. Ọmọ náà kàn tẹjú mọ́lẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe ìdọ̀tí rárá! Ínsúlínì, ohun tí ara fi ń darí ṣúgà, tó ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́ kí awọ ọrùn àti abẹ́ abíyá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń sọ fún wa pé ara ọmọ yẹn ti ń bá ṣúgà jìjàkadì, bóyá tipẹ́tipẹ́. Nígbà tá a fẹ́ wọn BP ẹ̀, èyí tá a fi ń wọn àgbà gan-an ò ká apá ẹ̀, bá a bá ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i báyìí ló ń tú, a ní láti lọ yá ńlá ní wọ́ọ̀dù míì.

Ìyẹn nìkan kọ́. Àtọ̀gbẹ tá a mọ̀ mọ́ bàbá àti ìyá wa ti ń mú ọmọ tí ò tíì ṣe WAEC, ẹ̀jẹ̀ ríru náà bẹ́ẹ̀, ọ̀rá á kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀ láìsí pé ọmọ fẹnu kan ọtí. Orí fífọ́ tó ń mú ojú ṣe bàìbàì wà níbẹ̀, torí omi tó yí ọpọlọ ká ti ń tẹ iṣan ojú. Egungun ìbàdí lè yẹ̀, ẹsẹ̀ lè máa tẹ̀ síta lábẹ́ orúnkún torí ẹrù tó gbé pọ̀ jù fún egungun tó ṣì ń dàgbà. Àti hanrun! Hanrun tẹ́ ẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nílé yẹn, tó bá jẹ́ pé ó ń hanrun tó ṣàdédé dákẹ́, tó wá mí kanlẹ̀ lójijì, èémí ẹ̀ ló ń dúró lóru. Ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń sùn ní kíláàsì, tíṣà á ní ọ̀lẹ ni.

Ẹ má bínú o, nọ́ọ̀sì, ṣé kì í ṣe wọ̀bìà ni? Kó dín oúnjẹ kù kó máa sáré láàárọ̀, ó parí.

Mi ò bínú, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Lóòótọ́ ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kò sí dókítà gidi tó máa fo oúnjẹ àti eré ìdárayá kọjá lọ sí abẹ. Ìlànà àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ sọ iye ẹ̀: ó kéré tán wákàtí 26 tí wọ́n á fi jókòó pẹ̀lú ọmọ àti ìdílé ẹ̀ láàárín oṣù 3 sí 12, kì í ṣe pé kéèyàn kàn pariwo "jẹun kékeré" lẹ́nu ọ̀nà kí ó sì máa lọ.

Àmọ́ ara èèyàn kì í fẹ́ kí ìwọ̀n tó ti mọ́ ọn lára lọ. Ọmọ tó ti dé kílò 130, tó bá dín oúnjẹ kù, ara á gbà pé ìyàn ló dé. Ohun kan wà tí àpò oúnjẹ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ghrelin, òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa wá, ṣe ni yóò máa pọ̀ sí i. Àjogúnbá náà wà ńbẹ̀, ẹ wo ìdílé tí ìyá-ìyá, ìyá àti ọmọ fi jọra wọn. Ọmọ míì á fọn ní kílò mẹ́fà nígbà ọlidé, kí tẹ́ẹ̀mù tó parí mẹ́jọ á ti padà. Àwa náà ò sì ràn wọ́n lọ́wọ́: tó bá sanra ní kékeré a ní ara ẹ̀ dá, pé bàbá ẹ̀ rí jájẹ, a tún bu ẹran kún un, ó wá di ọmọ ọdún 13 a yí ohùn padà, ó di wọ̀bìà. Ẹlẹ́rìndòdò wà nínú ilé gbogbo wa, a mọ ẹni tó ń rà á.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ikùn gan-an? Ṣé ọ̀rá ni wọ́n ń gé jù nù?

Kì í ṣe ọ̀rá. Fífa ọ̀rá jáde fún ẹwà, ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò wo àìsàn kankan.

Èyí tí wọ́n ń ṣe jù fún àwọn ọ̀dọ́ báyìí ni sleeve. Wọ́n á lu ihò kéékèèké mélòó kan sí ikùn, wọ́n á ki kámẹ́rà àti irinṣẹ́ wọlé, wọ́n á wá gé bí ìdá 75 sí 80 nínú 100 àpò oúnjẹ kúrò, wọ́n á dì í pa, èyí tó kù á rí tẹ́ẹ́rẹ́. Oúnjẹ ò ní lè pọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́, ibi tí ghrelin ti ń jáde jù sì ti bá èyí tí wọ́n gé lọ, torí náà ebi fúnra ẹ̀ á rọlẹ̀. Èyí tí wọ́n gé ò ṣeé dá padà o, kéèyàn mọ̀ ọ́n kó tó fọwọ́ síwèé.

Ìkejì ni bypass. Wọ́n á ṣe àpò kékeré kan sókè, kò ju nǹkan bíi mílílítà 30 lọ, wọ́n á so ó mọ́ ìfun nísàlẹ̀, oúnjẹ á fo àpò ńlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá. Ó lágbára, pàápàá lórí ṣúgà, ṣùgbọ́n fítámì tí ara ń pàdánù níbẹ̀ pọ̀ ju ti sleeve lọ. Ti rọ́bà tí wọ́n ń so mọ́ àpò oúnjẹ, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é mọ́.

Ta ló ní ọmọdé lè ṣe é? Mo rò pé àgbà ni wọ́n ń ṣe é fún.

Àgbà ni tẹ́lẹ̀. Ní 2019 ni American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ síta pé àwọn ọ̀dọ́ tí ìsanra wọn le tó ń rí iṣẹ́ abẹ yìí ṣe kéré jù, pé kò sí ẹ̀rí tó ní kí wọ́n kàn fi ọjọ́ orí dá ọmọ padà, kí àwọn dókítà tètè máa darí wọn síbi tó yẹ, kí ìnṣọ́ránsì sì máa sanwó ẹ̀. Wọ́n tún sọ ohun kan tó dùn mí: àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àtọmọ tálákà ni ìsanra yìí ń bá jà jù níbẹ̀, àwọn náà ló sì ń rí iṣẹ́ abẹ náà ṣe kéré jù. Ní oṣù kìíní 2023 ìlànà wọn wá là á pé tọ́mọ bá ti pé ọdún 13 tí ìsanra ẹ̀ sì le, kí dókítà ẹ̀ jẹ́ kí òun àtàwọn òbí ẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà yìí wà, kó sì fún wọn ní lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Yíyẹ̀wò ni o, kì í ṣe pé ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ la ikùn ẹ̀.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé ọmọ ò ní ga mọ́, wọ́n ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Riyadh ní Sáúdí, títí kan àwọn tí ò tíì pé ọdún 13, wọn ò rí i pé ó dí gíga wọn lọ́wọ́.

Ṣó ń ṣiṣẹ́?

Ó ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe idán. Ìwádìí tí mo fọkàn tán jù ni Teen-LABS. Ọsibítù márùn-ún ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ 242 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láàárín 2007 sí 2012. Lẹ́yìn ọdún 3, ìwọ̀n wọn ti fi ìdá 27 nínú 100 wálẹ̀ tá a bá pín in dọ́gba. Nínú àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ìdá 95 nínú 100 ni ṣúgà wọn ti padà sípò, ẹ̀jẹ̀ ríru náà lọ lára ìdá 74 nínú àwọn tó ní in.

Wọ́n wá fi àwọn ọ̀dọ́ wéra pẹ̀lú àwọn àgbà tó ṣe bypass bíi tiwọn, lẹ́yìn ọdún 5. Ìwọ̀n tó lọ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ àtọ̀gbẹ rọlẹ̀ lára ìdá 86 nínú àwọn ọ̀dọ́, ìdá 53 péré nínú àwọn àgbà. Ẹ̀yin náà wò ó, àìsàn kan náà, iṣẹ́ abẹ kan náà, èyí tó tètè dé ló ṣe dáadáa jù.

Ní 2024 èsì ọdún 10 jáde: BMI wọn ṣì fi ìdá 20 wà nísàlẹ̀ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, àtọ̀gbẹ ò tíì padà lára ìdá 55 nínú àwọn tó ní in. Ṣé ẹ rí i pé ó ti wálẹ̀ láti 95? Nǹkan ń padà lára àwọn míì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa ṣe é tẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀, ọjà ló ń tà.

Kí ló dé tẹ́ ò jẹ́ kó dàgbà ná? Tó bá pé ogún ọdún kó ṣèpinnu ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ara máa dúró de yín ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìdá 27 yẹn ṣírò. Ọmọ tó ṣe é nígbà tí BMI ẹ̀ wà ní 42, á bọ́ sí bíi 31. Ó ṣì sanra díẹ̀, ó ń rìn, ó ń sùn, ó ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ ẹ̀. Ọmọ kan náà, ẹ ní kó dàgbà, ó dé ọdún 20, BMI ti di 60. Ìdá 27 kan náà lọ, ó bọ́ sí 44. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó, gbogbo ìrora, ó ṣì wà níbi tí ẹni tó tètè ṣe é ti bẹ̀rẹ̀! Yàtọ̀ síyẹn, ṣúgà tó ti fi ọdún mẹ́fà wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti ń ba kíndìnrín àti ojú jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìdádúró náà ní ewu tiẹ̀, kì í kàn hàn ni.

Ẹ sọ ewu ẹ̀ fún wa, ẹ má fi bò.

Ìgbà tí Teen-LABS wo ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí ọ̀kankan nínú 242 yẹn tó kú, àmọ́ ìdá 8 nínú 100 ní ìṣòro ńlá, bíi ibi tí wọ́n rán tó ń jò tàbí ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọdún 3, ìdá 13 ló tún padà sórí tábìlì tàbí tí wọ́n ṣe nǹkan míì sí ikùn wọn. Òróòro lè di òkúta torí pé ara ń yára fọn. Egungun lè fúyẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni áyọ́ọ̀nù (iron), tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó ń tán lára, ó lé ní ìdajì wọn tó ṣẹlẹ̀ sí lẹ́yìn ọdún 3.

Ọ̀rọ̀ ọtí wà níbẹ̀ tí àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́. Lẹ́yìn bypass, ọtí á tètè wọ ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀nba tí ò tí ì ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní nǹkan kan á ti mú òun yó, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti ibẹ̀ di ọ̀mùtí. Ọmọ tó ń lọ sí Yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí ibikíbi, ẹ bá a sọ ọ́ kó tó lọ.

Ẹ sọ jẹ́nótáìpù ọmọ fún wọn kẹ́ ẹ tó débẹ̀, SS ní ìmúrasílẹ̀ tiẹ̀ lórí tábìlì.

Fítámì títí ayé? Ta ló máa máa rà á?

Títí ayé ni, mi ò ní parọ́ fún yín. Fítámì gbogbogbòò, B12, áyọ́ọ̀nù, kálísíọ̀mù pẹ̀lú fítámì D, àti B1 tó ṣe pàtàkì gan-an ní oṣù àkọ́kọ́, torí ọmọ tó bá ń bì léraléra tí B1 tán lára ẹ̀, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó lè má lè rìn dáadáa mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí èébì tí ò dúró, ẹ má gbé e lọ sílé àdúrà kẹ́ ẹ tó gbé e wá sọ́sibítù, ẹ lè máa gbàdúrà nínú mọ́tò.

Ibí yìí ni mo ti sọ pé iṣẹ́ wà. Ọmọ ọdún 16 ni. Ara ti yá, ó ti ń wọ jíìnsì, kò rí ìdí tí òun á ṣe máa gbé oògùn mì láràárọ̀, ìyá náà rò pé ó ń lò ó, ike oògùn wà lórí firíìjì tí ò dín. Lẹ́yìn ọdún kan ó ń rẹ̀ ẹ́, ojú funfun, wọ́n ní ayé ni. Ẹ̀jẹ̀ ló tán lára ẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù 3, 6, 12, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún, ẹ má fi ṣeré.

Oògùn ìrora náà: ibuprofen, diclofenac, àti Alábùkún tó wà nínú àpò gbogbo ìyá àgbà wa, aspirin ló wà nínú ẹ̀, ó lè dá egbò síbi tí wọ́n rán. Paracetamol ni kó máa lò. Ẹ sọ fún ìyá àgbà tààrà, torí ọ̀dọ̀ wọn ni orí fífọ́ ti máa bá a.

Ṣé ó ṣì lè jẹ ẹ̀bà? Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá o.

Hẹn, mo mọ̀ pé ó máa kan ìyẹn. Á jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ kan, àmọ́ kì í ṣe òkèlè tó mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, olómi ni gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn oúnjẹ tí wọ́n lọ̀ tàbí tó rọ̀: ẹyin, mọ́ínmọ́ín tí ò le, ẹ̀wà tí wọ́n yọ èèpo ẹ̀ tí wọ́n lọ̀, ẹja. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìkọ́kọrẹ́ tiwa yìí, tí wọ́n bá ro ó kó rọ̀, tí ẹja pọ̀ nínú ẹ̀ ju ewùrà lọ, tí ata àti epo ẹ̀ ò pọ̀, ó dáa ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń kọ sínú ìwé òyìnbó lọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 6 ló máa tó padà sí oúnjẹ tó le, ṣíbí díẹ̀díẹ̀, kó jẹ ẹ́ lẹ́nu dáadáa. Ẹran, ẹja tàbí ẹyin ló máa kọ́kọ́ jẹ, ẹ̀bà á wá gba ààyè tó bá kù. Wọn á sọ fún un kó máa wá prótéènì tó tó gíráàmù 60 lójúmọ́ ó kéré tán, ìyẹn ò rọrùn fún ikùn kékeré, torí náà tó bá fi ẹ̀bà dí i lójú ọ̀nà, ó ti tán.

Kò gbọdọ̀ máa mumi mọ́ oúnjẹ, kó fún un ní bí ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó bá ń fi gààrí ṣeré kó tún ọ̀rọ̀ yẹn kà. Gààrí Ìjẹ̀bú tútù pẹ̀lú ṣúgà, ẹ̀pà àti omi yìnyín, gbogbo ohun tí wọ́n ní kó má ṣe ló wà nínú abọ́ kan yẹn: ó ń wú nínú ikùn, omi wà ńbẹ̀, ṣúgà wà ńbẹ̀. Pàápàá ẹni tó ṣe bypass, ṣúgà á sáré wọ ìfun ẹ̀, àyà á máa já, òógùn á bò ó, inú á máa lọ́ ọ, á sì fẹ́ dùbúlẹ̀. Wọ́n kì í dán an wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọbìnrin ni tèmi. Ṣé kò ní dí oyún lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú?

Òdì kejì ẹ̀ gan-an ni ká bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó sanra gan-an ni nǹkan oṣù wọn kì í dé déédéé, tí ara bá ti ń fọn ó máa ń padà bọ̀ sípò, oyún á sì tètè dúró. Dókítà kì í sì í fẹ́ oyún rárá láàárín oṣù 12 sí 18 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, torí ara ìyá ò tíì ní ohun tó máa fún ọmọ inú. Nítorí náà wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Mo mọ̀ pé àwọn mọ́mì kan á ní ọmọ tàwọn ò mọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde síta kẹ́ ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀.

Ààwẹ̀ ńkọ́?

Ramadan tàbí ààwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kó má gbà á ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ yẹn. Omi ló ń yára tán lára wọn. Lẹ́yìn náà kó bi dókítà ẹ̀.

Wọ́n ní abẹ́rẹ́ kan wà tó ń mú èèyàn fọn. Kí ló dé tá ò kàn gún ìyẹn?

Ó wà lóòótọ́. Semaglutide, tí wọ́n ń tà ní Wegovy, wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá 2022 fún ọmọ ọdún 12 sókè tó sanra jù. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọ̀dọ́, BMI àwọn tó gún un fi ìdá 16 wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 68, ìyẹn ò kéré. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gún un, tí wọ́n bá dá a dúró ara sábà máa ń padà, owó ẹ̀ ò sì dúró. Fún ọmọ míì òun ló dáa jù, fún òmíì tí BMI ẹ̀ ti dé 50 kò ní tó, ẹlòmíì á lo méjèèjì. Ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn.

Èyí tí mò ń bẹ̀ yín sí ni pé kẹ́ ẹ má ra á lọ́wọ́ ẹni tó ń fi fóònù tajà. WHO kéde ní 2024 pé ayédèrú Ozempic ti wà lọ́jà ní orílẹ̀-èdè mélòó kan, oògùn kan náà nìyẹn. Ti tíì tó ń mú ikùn wọlé, ẹ wo ara páálí ẹ̀, sẹ́nà ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru lẹ fowó rà. Ọ̀rá ò kúrò níbi tó wà.

Ibo ni wọ́n ti ń ṣe é, èló sì ni?

Ní Nàìjíríà, ọsibítù àdáni ní Èkó àti Àbújá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é, àwọn àgbà ni wọ́n sì ń rí jù. Mílíọ̀nù la fi ń kà á, ó sì ń yí padà, torí náà mi ò ní dárúkọ iye. Òfin NHIA ti 2022 ní kí gbogbo wa ní ìnṣọ́ránsì ìlera, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa àpò ara wa la ṣì fi ń tọ́jú ara. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì yín ní kíkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọkàn sí i.

Ibi tọ́rọ̀ ti ká mi lára nìyí. Ká ní wọ́n tiẹ̀ ní kí gbogbo ọmọ tó yẹ wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ní Èkó lọ́la, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn á ṣe é, á padà sílé, ta ló máa wọn ọ́n? Síkéèlì tí ò kọjá kílò 120 ló wà ní kílíníìkì mélòó kan tí mo mọ̀. Ta ló máa wo áyọ́ọ̀nù ẹ̀? Ṣé ìyá ẹ̀ tó ń tajà ní Òkè-Ajé á máa ti ìsọ̀ pa lóṣooṣù, kó máa jókòó sínú gosíló Lagos-Ibadan torí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè gbà ní Ìjẹ̀bú-Òde? Á lọ lẹ́ẹ̀kan, á lọ lẹ́ẹ̀kejì, á dúró. Ohun tí mo fẹ́ kó wà nìyẹn kó tó di pé a ń ké fún tíátà: síkéèlì tó lè gbé kílò 200, báàgì BP ńlá, ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ, àti dókítà ọmọdé kan ní Ṣágámù àti ọ̀kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó mọ ohun tó yẹ kó wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tó sì ní nọ́ńbà ẹni tó ṣe é.

Èmi ìyá ẹ̀ ni mo fẹ́ kó ṣe é. Òun ò fẹ́.

Á jẹ́ pé kò tíì yá nìyẹn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní ọmọdé ni ẹni tí ò tíì pé 18, òbí ló máa fọwọ́ síwèé, ṣùgbọ́n kò sí àwọn oníṣẹ́ gidi tó máa gbé ọmọ tó ń sunkún pé òun ò ṣe lọ sí tíátà. Òun ló máa gbé fítámì mì. Wọ́n á tún ní kó rí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nípa ọkàn, kì í ṣe torí pé orí ẹ̀ dà rú. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní sùkúù, bóyá ó ń jẹun ní kọ̀rọ̀, bóyá ìbànújẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, torí abẹ ò lè gé ìyẹn.

Irun ẹ̀ á já ṣé? Awọ ara ńkọ́?

Irun máa ń já láàárín oṣù 3 sí 6, ó máa ń hù padà, kó má di irun tó fà gan-gan nígbà yẹn. Awọ á wà tó máa rọ̀ sílẹ̀ ní apá àti ikùn, iṣẹ́ abẹ míì ló lè mú un kúrò, ọ̀pọ̀ ò ṣe é.

Kí ni mo máa sọ fáwọn ará ilé? Tá a bá dé Ojúde Ọba tí wọ́n rí i pé ó fọn báyìí, wọ́n á ní àìsàn kan ló ń ṣe é.

Wọ́n á sọ ọ́, ẹ ẹ̀ lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni, ẹ jẹ́ kó sọ ẹni tó fẹ́ kó mọ̀, kí ẹ sì jọ fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ máa sọ. "Ọsibítù ń tọ́jú ẹ̀, ó ti ń gbádùn" tó. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ dandan ni ẹni tó ń se oúnjẹ fún un, àti ilé ìwé tó bá jẹ́ pé bọ́dìn ló wà.

Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé, ní OOUTH, ọsibítù yunifásítì tó wà ní Ṣágámù, tàbí Babcock ní Ìlíṣàn, tàbí ọsibítù ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tó bá súnmọ́ yín jù. Ẹ ní kí wọ́n wo BMI ẹ̀ lórí àtẹ ọmọdé, BP, ṣúgà, ẹ̀dọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ti hanrun fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n wọn ọmọ náà níbi tí ilẹ̀kùn wà, kì í ṣe lójú gbogbo èrò. Tó bá yẹ fún iṣẹ́ abẹ, ẹ gba lẹ́tà. Tẹ́ ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa ṣe é, kẹ́ ẹ tó sanwó kankan, ẹ bi wọ́n pé ta ló máa máa rí ọmọ yìí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Tí wọn ò bá lè dárúkọ ẹnì kan, ẹ gba fáìlì yín kẹ́ ẹ lọ sí ibòmíì.